Àwọn Jagunjagun Òkúta Inú Igbó Ẹ̀sìẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Ìlobùú, ẹ̀yin ọmọ Ifọ́n Orólù, ẹ̀yin tí baba ńlá yín bu omi Erinlẹ̀ mu àti ẹ̀yin tí baba ńlá yín fi ẹfun júbà Òrìṣà Olúfọ́n, ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó dúró wá ibi jókòó, kí ẹni tó jókòó gbé etí sílẹ̀, nítorí ẹrù tí mo rù wá síwájú yín lónìí wúwo: òkúta ni mo rù wá, òkúta tó lójú tó lẹ́nu, òkúta tó kọ ilà, tó dirun, tó wọ ìlẹ̀kẹ̀, òkúta tó fi idà lé èjìká tó sì jókòó jẹ́ẹ́ sórí àpótí, tó ń wo ọmọ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń wá sáyé tí wọ́n sì ń padà sí ọ̀run, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́.

Ìtàn tòótọ́ ni o. Ẹni tó bá rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa, kó gba Òṣogbo lọ sí Ìkìrun, kó kọjá ní Òkukù, kó dé Ọ̀fà, kó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, kó wọ ilẹ̀ Ìgbómìnà, kó sì béèrè ìlú tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀sìẹ́. Ìpínlẹ̀ Kwara ló wà, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wọn sì bá ti Ìlobùú mu, Ìrẹ́pọ̀dùn ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Níbẹ̀ ni ojú yóò ti rí ohun tí etí ń gbọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìtàn tí àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ gbà lẹ́nu àwọn baba wọn sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1775, ọdẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Baragbọ́n kó ohun ọdẹ rẹ̀, ó sì wọ inú igbó lọ. Kò mọ̀ pé orí ló ń tì í láti ẹ̀yìn. Kò mọ̀ pé ipasẹ̀ tí òun ń tọ̀ kò ní já sí ọ̀dọ̀ ẹran, pé ayé kan tó ti kọjá lọ ló ń dúró dè é lábẹ́ igi, tó ti ń dúró kí a tó bí i, kí a tó bí baba rẹ̀, kí a tó bí ẹni tó bí baba baba rẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin náà bó ti fi ọwọ́ ya igbó sápá kan, tó gbé ojú sókè, tí ojú òun àti ojú ẹlòmíràn sì ṣe mẹ́rin! Ó wo ọ̀tún, èèyàn ló rí. Ó wo òsì, èèyàn ló rí. Ó wo iwájú, èèyàn tún ni. Gbogbo wọn lajú, kò sí ẹni tó ṣẹ́jú. Ẹnu ń bẹ lára wọn, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Idà wà lọ́wọ́ àwọn kan, apó ọfà wà lẹ́yìn àwọn kan, kò sì sí ẹni tó dìde sí i. Agbo ènìyàn tó pọ̀ tó ìlú jókòó sínú igbó, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn sì ju ti igbó lọ.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ìbá sá, tí ìbá fi ohun tó rí pamọ́ sínú títí ikú yóò fi bò ó. Ìgboyà Baragbọ́n wà nínú pé ó padà sílé, ó la ẹnu, ó sọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú ọdẹ bá rí nígbó ni ẹnu rẹ̀ ń sọ nílé, ṣùgbọ́n èyí tó rí lọ́jọ́ náà kọjá ohun tí ọkàn ẹnì kan ṣoṣo lè gbé. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti mọ̀ pé àwọn kọ́ ni onílẹ̀ àkọ́kọ́, pé àwọn bá àwọn kan níbẹ̀. Wọ́n fi àwòrò kan jẹ kó máa bójú tó àwọn ère náà. Wọ́n mú èyí tó tóbi jùlọ nínú wọn, wọ́n pè é ní Ọba Ère. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹrin, wọ́n ń ṣe ọdún ère, àwọn tó ń wá ọmọ a tọrọ ọmọ, àwọn tó ń wá òjò a tọrọ òjò.

Ta ni wọ́n? Àwọn àgbà Ẹ̀sìẹ́ ní àlejò ni wọ́n, àwọn èèyàn ẹlẹ́ran ara àti ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, tí agbára kan tó ju ti ènìyàn lọ sì sọ di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ àgbà sẹ́yìn. Ẹni tó bá dúró níwájú àwọn ère wọ̀nyí, tó rí bí wọ́n ti gbé àgbọ̀n sókè, tó rí bí ọwọ́ wọn ṣe di èèkù idà mú, yóò mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n lé ní 1,000. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó yé ẹni tó wà lẹ́yìn: ère òkúta tó lé ní 1,000, nínú igbó kan ṣoṣo, ní ilẹ̀ Yorùbá! Kékeré wà nínú wọn tí kò ga ju ìwọ̀n ọwọ́ lọ, ńlá sì wà tó ga ju mítà kan lọ. Irú òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ó sì rọ̀ débi pé èékánná lè họ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí oníṣọ̀nà ayé àtijọ́ rí ọ̀nà ya irun ní okùn-okùn, kó to ìlẹ̀kẹ̀ ní kókó-kókó, kó fa ilà ojú kó sì gún. Ṣùgbọ́n òkúta tó rọ̀ fún ọwọ́ oníṣọ̀nà, ó rọ̀ fún ọwọ́ òmùgọ̀ pẹ̀lú, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí ojú rẹ̀ sì fẹ̀ ní roboto, irú ìjókòó tí a kò gbé fún ẹni yẹpẹrẹ. Irun orí wọn ga, ó dì, ó ní ọnà nínú, kò sì jọ irun ẹni tó sá kúrò nílé tàbí ẹni tí ogun lé. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn, ẹ̀gbà wà lọ́wọ́. Tafàtafà wà níbẹ̀ tòun ti apó rẹ̀. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ, tó mú mi dúró pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ni pé àwọn obìnrin wà láàárín wọn, obìnrin tí ọmú rẹ̀ hàn, tí irun rẹ̀ pé, tó mú idà kúkúrú lọ́wọ́, tó gbé ojú idà náà ti èjìká rẹ̀. Kò kúnlẹ̀ lẹ́yìn ọkùnrin kankan. Òun náà jókòó sórí àpótí tirẹ̀, ó ń wo iwájú. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà níbí, ẹ gbọ́ o: ní ilẹ̀ yìí, nígbà kan tí ó ti pẹ́ jọjọ, ẹnì kan rí obìnrin tó ru idà, ó kà á sí ohun ọlá, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti gbẹ́ ẹ sára òkúta kí ó má bàa parun.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Àwọn kan nawọ́ sí Ifẹ̀, àwọn kan nawọ́ sí Nupe, àwọn mìíràn ní àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ni, tí àwọn tó dé lẹ́yìn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àpáàdì amọ̀ sísun tí wọ́n bá níbẹ̀ ló sọ̀rọ̀ tó ṣe tààrà jù: àwọn onímọ̀ wọn ìgbà tí iná kàn án kẹ́yìn, ó sì bọ́ sí nǹkan bí ọdún 1100. Ẹ gbé e sọ́kàn. Ọdún 1100! Kò sí òyìnbó kan tó tí ì gúnlẹ̀ sí etíkun wa, ó ku nǹkan bí irinwó ọdún kí Columbus tó sọdá òkun, ọwọ́ dúdú sì ti ń gbẹ́ jagunjagun lára òkúta ní ìlú tí kò tó ìrìn ọjọ́ kan láti ibi tí ẹ jókòó sí, bí mọ́tò bá gbé yín.

Ohun tí Elédùmarè fi ń dá mi lẹ́rù rèé. Ní ìgbà kan náà, lódìkejì òkun tí ọkọ̀ ojú omi kankan kò tí ì là kọjá láti ọ̀dọ̀ wa, àwọn ènìyàn mìíràn dúró níwájú òkúta, wọ́n sì ń fi ọkàn kan náà wá nǹkan kan náà. Ìlú wọn ń jẹ́ Tula, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Mẹ́síkò lónìí. Àwọn èèyàn náà ń jẹ́ Toltec. Wọ́n gbé jagunjagun mẹ́rin dúró sórí òkìtì òkúta gíga, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó mítà mẹ́rin àti ààbọ̀ ó sì lé díẹ̀. Òkúta dúdú mẹ́rin ni wọ́n tò léra kí wọ́n tó rí jagunjagun kan. Ìgbàyà tó ní àwòrán labalábá wà láyà wọn, ohun èlò tí wọ́n fi ń ju ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, orí wọn ni wọ́n sì fi gbé òrùlé ilé òrìṣà dúró. Kò sí irin lọ́wọ́ àwọn tó gbẹ́ wọn. Òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ òkúta! Ọlá Tula ràn kárí ilẹ̀, àwọn ìlú jìnnà-réré ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ wọ́n ń wárìrì, ìró ogun rẹ̀ ń dún bí àrá. Síbẹ̀, kí ọdún 1200 tó pé, iná ti jó o, ẹnì kan sì ti taari àwọn jagunjagun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ṣubú sínú kòtò, wọ́n sì sùn sínú iyẹ̀pẹ̀ títí di àwọn ọdún 1940, nígbà tí Jorge Acosta, ọmọ Mẹ́síkò tó ń wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́, kó wọn jáde.

Mo lè mú yín lọ sí Peru pẹ̀lú, sí ibi kan tí wọ́n ń pè ní Cerro Sechín, tí ọ̀mọ̀wé Julio Tello ṣí lójú ní 1937, níbi tí àwọn jagunjagun tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri òkúta ti ń yan lọ láàárín orí tí wọ́n gé, apá tí wọ́n gé, ẹsẹ̀ tí wọ́n gé. Iṣẹ́ náà sì ti pẹ́ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún lọ. N kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ òkúta yẹn fẹ́ kí a rántí ẹ̀jẹ̀, a sì rántí ẹ̀jẹ̀. A kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú àwọn tó ṣẹ́gun, a kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n gé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé, kí a yà ní Ilé-Ifẹ̀ kí a tó padà sí Ẹ̀sìẹ́, nítorí òkúta jagunjagun tí ẹ mọ̀ jù ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ni mò ń wí. Òkúta líle ni, ó ga tó mítà márùn-ún àti ààbọ̀, ìṣó irin tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì kàn mọ́ ọn lára. Ìtàn tí àwọn ará Ifẹ̀ fi ń kọ́ ọmọ wọn ni pé nígbà tí Ọ̀rànmíyàn, akin nínú àwọn akin, dàgbà tán, ó wọ ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó tó wọlé ó fi ọ̀rọ̀ ìpè kan lé wọn lọ́wọ́: ọjọ́ tí ogun bá ká yín mọ́, ẹ pè mí, n ó jáde. Ọjọ́ kan dé tí ogun kò dé, ọtí ló dé. Àríyá gbóná, ìlù ń dún, àwọn tí orí wọn ti yí sì la ẹnu, wọ́n pe ọ̀rọ̀ tí a kì í pè. Akin gbọ́ ìpè, akin jáde. Òkùnkùn ṣú, ó rí èèyàn, ó gbà pé ọ̀tá ni wọ́n. Ó gé lọ́tùn-ún, ó gé lósì, àwọn tó ń kígbe orúkọ rẹ̀, igbe ogun ló pè é. Ìgbà tí ojú ilẹ̀ mọ́, ó wo àwọn tó sùn sílẹ̀ lójú. Ọmọ bíbí Ifẹ̀ ni gbogbo wọn. Ọmọ ilé, ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò. Jagunjagun tí kò sí ogun tó ṣẹ́gun rẹ̀ rí ri ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó búra pé òun kò ní jà mọ́ láéláé, ọ̀pá náà sì di òkúta.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, ẹ má sì bínú sí mi. Ìlobùú àti Ifọ́n, ilé ń bá ilé sọ̀rọ̀ ni yín. Àdán ń fò lórí òrùlé ìlú kan bọ́ sí ti èkejì, kò mọ ààlà. Ọmọ Ìlobùú ń fẹ́ ọmọ Ifọ́n, ọmọ Ifọ́n ń pe ará Ìlobùú ní ìyá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti pẹ́ láàárín yín, mo mọ̀, n kò sì jókòó síbí láti dá ẹjọ́ ààlà, ilé ẹjọ́ àti àwọn àgbà wà fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi kéde kónílé-ó-gbélé fún ìlú méjèèjì tó sì kan Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun pẹ̀lú, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí iná jó ilé tí bàbá fi ogún ọdún kọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló pe ọ̀rọ̀ tí a kì í pè? Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ, ọmọ ẹni ni í bà. Àwọn èèyàn Tula ní ilẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ jà. Àwọn tí wọ́n gbẹ́ ère Ẹ̀sìẹ́ ní ààlà, wọ́n ní ọ̀tá, wọ́n ní ìdí tó dá wọn lójú tí wọ́n fi gbé idà lé èjìká, bóyá ìdí náà sì mọ́gbọ́n wá ju ti ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Ẹ wo ohun tó kù! Idà kù, apó kù, irun dídì kù, ìlẹ̀kẹ̀ kù. Ìjà náà nìkan ni kò kù, kò sí alàyè kan tó mọ ẹni tí wọ́n bá jà, kò sí arìnrìn-àjò kan tó lè fi ìka sí ibi tí ààlà wọn wà, ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ ti hu igi, igi ti wó, igi mìíràn ti hù, ẹlòmíràn ti wá dáko sórí rẹ̀, ó sì ti kú, ilẹ̀ náà sì ti gbé òun náà mì.

Mo ti sọ èyí tó wà lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ìtàn lọ.

Ó tó nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún tí àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti ń ṣọ́ àwọn ère yìí, tí àwòrò ń kú tí wọ́n ń fi òmíràn jẹ, kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ramshaw tó dé. Alábòójútó ilé-ìwé fún ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. ni, ọdún náà sì jẹ́ 1933. Àwọn ìwé kan kọ ọ́ pé òun ló rí wọn. Ará ilé ti rí wọn kí a tó bí baba rẹ̀! Ohun tí Ramshaw ṣe ni pé ó sọ fún ayé, ìyẹn náà sì tóbi, nítorí láti ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fi dé etí àwọn tó lè kọ́ ilé fún wọn. J. D. Clarke, òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, lọ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ó kọ nípa wọn. Kenneth Murray, ẹni tí ìjọba fi ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1943, fi ọkàn sí wọn pẹ̀lú. Ní 1945, ilé dìde lé àwọn jagunjagun náà lórí, ilé náà sì ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹ fi wé àwọn ìlú ńlá: 1952 ni ti Jos, 1957 ni ti Èkó. Nígbà tí Èkó kò tí ì ní, tí Ìbàdàn kò tí ì ní, abúlé Ìgbómìnà kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ti ní tirẹ̀, nítorí òkúta tí ọdẹ kan rí. Orí kì í wo bí ìlú ti tóbi tó kó tó bù ú lọ́lá.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, wá ní àwọn ọdún 1960, ó jókòó tì wọ́n. Iṣẹ́ tó ṣe le. Ọ̀pọ̀ ère ni wọ́n bá láìlórí, orí wà níhìn-ín, ọrùn wà lọ́hùn-ún, apá wà lábẹ́ ewé. Ó ń kó wọn jọ, ó ń wá orí fún ara, ó ń wá ara fún orí, ó ń ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1978, títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn ère Ẹ̀sìẹ́ ní láti ṣí i. Mo fi ọlá fún un. Kò sí ẹ̀bùn tó ju pé kí èèyàn ka ohun tí ìwọ fi sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí kíkà yẹn ló jẹ́ kí a mọ èyí tí olè bá gbé. A-tafà-sókè-yí-dó-borí, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́! Mo ní a ó dé ibi ọwọ́ òmùgọ̀, a ti débẹ̀. Ìfẹ́ owó ti wọ ilẹ̀ wa láti àwọn ọjọ́ àmúnisìn, àwọn tó ń ra ohun àtijọ́ lókè òkun nawọ́ owó, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí nawọ́ ère. Ó rọrùn fún olè láti gé orí òkúta tó rọ̀ kó sì fi í sínú àpò. Ara yòókù wúwo, yóò fi í sílẹ̀ kó jókòó láìlójú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà burú tán, ICOM, ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ́mù àgbáyé, ṣe ìwé ìkìlọ̀ kan jáde ní 2000, tí wọ́n to orúkọ ẹ̀yà iṣẹ́ ọnà mẹ́jọ láti ilẹ̀ Áfíríkà sí, àwọn tí olè ń kó jù, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà tàbí tà. Iṣẹ́ ọnà Nok wà nínú rẹ̀, ti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn jagunjagun tí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́ di ohun tí a ń wá ẹ̀ṣọ́ fún. Àwọn tó fi idà lé èjìká fún nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọdún kò lè gbé idà náà sí ọmọ tó fi ayùn gé wọn lọ́rùn. Èmi kò mọ ìwà wèrè tó tó pé kí ọmọ ta orí baba rẹ̀ láti ra ohun tí yóò gbó kí ọdún mẹ́ta tó pé.

Ẹ má sì rò pé Ẹ̀sìẹ́ nìkan ni mò ń sọ. Ẹ̀yin náà ní òkúta, ẹ ní ère. Ní Ìlobùú, nínú àwo Erinlẹ̀, ọta òkúta dídán tí wọ́n ti ìsàlẹ̀ odò gbé ló ń gbé inú omi. Ọdẹ ni Erinlẹ̀ kó tó wọlẹ̀ tó di odò, akin sì ni. Nídìí Ṣàngó yín, ẹdùn àrá wà. Àwọn tó gbọ́n nípa ilẹ̀ wíwà sọ pé àáké òkúta ni ọ̀pọ̀ ẹdùn àrá, irinṣẹ́ àwọn èèyàn tó gbé ilẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ irin rọ, tí òjò hú síta tí baba wa sì bá lójú oko. Èyí kò dín ọlá wọn kù lójú mi, ó fi kún un: ohun tí ẹ gbé sórí odó Ṣàngó dàgbà ju gbogbo adé ilẹ̀ Yorùbá lọ. Ní Ifọ́n, Òrìṣà tí ẹ ń bọ ni Ọbàtálá fúnra rẹ̀, alámọ̀ tó mọ orí, tó mọ imú, tó mọ ojú, ọ̀gá gbogbo ẹni tó ń fi ọwọ́ ya àwòrán ènìyàn. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó gbé láàárín yín ní àwọn ọdún 1950 kó tó kọjá sí Òṣogbo, fi ìwé kan lélẹ̀ ní 1957 lórí àwọn ère igi inú ojúbọ Ìlobùú, ó ya àwòrán wọn, ó sọ ìtàn wọn. Ẹni bá ní ìwé náà nílé, kó mú un jáde. Kí ọmọ Ìlobùú kan àti ọmọ Ifọ́n kan gbé e lọ́wọ́, kí wọ́n máa lọ láti ojúbọ dé ojúbọ, láti ilé dé ilé, kí wọ́n wo èyí tó kù, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ilé tó ni ín sílẹ̀, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ifọ́n pẹ̀lú, kí ìwé méjì wà, ọ̀kan láàfin Ọlọ́bùú, ọ̀kan láàfin Olúfọ́n. Nígbà tí oṣù kẹrin bá sì dé, tí Ẹ̀sìẹ́ bá ń ṣe ọdún ère, kí àwọn ọmọ náà wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n gba ọ̀nà Ìkìrun lọ, kí wọ́n lọ wo obìnrin tó ru idà.